Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tí Wọ́n Mu Tán

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Mo ní in rí. Abẹ́òkúta ni mo ti gbé e lọ sí ìlú òyìnbó, ibẹ̀ ló sì tán sí. Ẹjọ́ mi kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n mu ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá ìyá mi. Ojú ìyá mi wá dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fọ̀ tí kò mọ́. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbà pé òun jẹ̀bi. Bí mo sì ṣe ní "wọ́n mu ún" yẹn, mi ò pòwe. Ife ni wọ́n fi mu ún, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọjọ́ tí mo máa kúrò nílé, ìyá mi pè mí wọ yàrá. Aláró ni ìyá mi. Ìtòkú ló ti ń ta àdìrẹ, ẹ̀yìnkùlé wa sì ni àwọn ìkòkò aró rẹ̀ wà. Ó tú gèlè àtijọ́ kan, ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà jáde nínú rẹ̀, èyí tó nípọn bí ìka ọwọ́ ọmọdé, tí ìyá tó bí i lọ́mọ fi sílẹ̀ fún un. Ó wọ̀ ọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ti ń dúpẹ́ kó tó tún bọ́ ọ.

"Mo kàn ní kó o wò ó ni," ó ní. "Ibí ló máa wà. Ẹni tó bá ní nǹkan nílé kì í sọnù sọ́nà. Tó o bá dé, wàá mú un."

"Màmá, bí mi ò bá tètè dé ńkọ́?"

"Fàdákà kì í jẹrà."

Òótọ́ ni, fàdákà kì í jẹrà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ti sọ fún un nígbà yẹn pé ó ṣeé mu.

Kẹ́místìrì ni mo kà ní yunifásítì. Mi ò fi yangàn. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé ó kan ẹjọ́ yìí. Ní ìlú tí mo dé, kò kan ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń bọ́ wọn, mò ń wá eyín wọn tó bá sọnù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo èèyàn ti kì mí nílọ̀ nípa òtútù, nítorí náà òtútù kò bá mi lójijì. Orúkọ ló bá mi lójijì. Ìyá arúgbó kan tó lè bí ìyá mi ní kí n máa pe òun ní Dóríìnì, ṣákálá báyẹn, bí ẹni pé a jọ ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní "Màmá Dóríìnì" títí alábòójútó fi pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní obìnrin náà kò bímọ rí, pé ṣé mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi ṣá. Ní ilẹ̀ yẹn, ẹ̀sùn ní àyè tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì pẹ́, ẹ fẹjọ́ sùn. Búrẹ́dì le, ẹ fẹjọ́ sùn. Nílé, bí mo bá ní nǹkan kò dáa, wọ́n á ní ṣé èmi nìkan ni, ṣé ojú mi nìkan ló ń ríran. Níbẹ̀, ṣe ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ti dé àárín àwọn èèyàn mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìdúpẹ́ yẹn náà ni gbogbo ohun tí wọ́n máa ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ mo borí lẹ́ẹ̀kan. Tíì tí wọ́n ń gbé fún àwọn arúgbó máa ń ti tutù kó tó dé yàrá tó kẹ́yìn, mo sì fẹjọ́ sùn, mo fẹjọ́ sùn, títí wọ́n fi ra fláàsì ńlá. Ọjọ́ tí tíì gbígbóná kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dóríìnì, ó gbé ife rẹ̀ sókè sí mi bí ẹni ń kí ọba.

Ilé Bọ̀dá Sànyà ni mò ń gbé. Ọmọ Owódé ni, ó sì ti pẹ́ nílùú òyìnbó débi pé òyìnbó ló fi ń wúkọ́. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ẹ̀gbá níbẹ̀. Ohun tó ń wá kò fara sin: ó fẹ́ kí wọ́n fi òun joyè nílé. Ẹlòmíì tó bá ń wá oyè á gbẹ́ kànga, á kọ́ kíláàsì fún ilé ìwé. Bọ̀dá Sànyà ní tòun ni pé òun máa fi fàdákà wo gbogbo Ẹ̀gbá sàn.

Mo jí lọ́jọ́ kan, mo bá a nílé ìdáná. Ó ti ti ìgò òróró mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó to gíláàsì àti wáyà àti bátìrì jọ, ó dojú kọ wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun.

"Omi fàdákà ni," ó wí. "Ikọ́, ibà, orúnkún dídùn, ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí kòkòrò tó rí i tí kì í sá."

"Bọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe kòkòrò."

"Ìwọ ti bẹ̀rẹ̀."

"Kẹ́místìrì ni mo kà, sà. Fàdákà lè wúlò lójú egbò bí dókítà bá fi sí i. Ẹ mu ún, kò ní í wo nǹkan kan sàn. Ara ò mọ ohun tó máa fi ṣe. Ṣe lá kó o pamọ́ sábẹ́ awọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á sì sọ ọ́ di dúdú. Èèyàn á di aláwọ̀ eérú, kò sì ní í lọ mọ́."

"Ta ló ń sanwó fún ẹ kó o máa sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn olóògùn, àbí?"

"Àwọn arúgbó tí mò ń wẹ̀ ló ń sanwó fún mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Máa lọ wẹ̀ wọ́n nígbà náà."

Nígbà tí ikọ́ mú mi, ó bu ife kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Mo dà á sí ìdí òdòdó tó gbìn sínú ìkòkò. Ó tún bu òmíràn, mo tún dà á síbẹ̀. Òdòdó náà kú. Mo gbé e lọ fi hàn án. Ó ní òtútù ló pa á.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé Abẹ́òkúta nìyí, mo sì fẹ́ kó yé gbogbo ayé. Èmi àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nílé ìdáná. Ó ń ráhùn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún òun ń mú òun tọ̀ láìdáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ilé ìtọ̀ jìnnà sí ìsọ̀ òun lọ́jà. Bọ̀dá Sànyà wọlé, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ aró o, Màmá! Ẹ kú ọjà!"

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní alága?"

"Ọmọ yín ni mí, Màmá. Mo gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, màá fi nǹkan sí i fún yín."

Mo ní, "Màmá, ẹ má dá a lóhùn o." Mo wí i ketekete. Ayálégbé kejì wà níbẹ̀, ó ń dín ẹyin, ó lè jẹ́rìí mi.

"Má bínú sí i, ọmọ mi," ìyá mi wí fún un. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ó sunkún lé lẹ́mọ́mù lórí."

Àwọn ìgò náà lọ. Mi ò rí bí mo ṣe lè dá ẹrù ẹgbẹ́ dúró. Mo fẹjọ́ sùn níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ ìsinmi mi ló máa ń nira jù. Nílé, bí èèyàn bá jókòó lásán, wọ́n á kí i kú ìjókòó. Bó bá dìde, wọ́n á kí i kú ìnàró. Níbẹ̀, mo jókòó, mo dìde, mo jẹun, mo sunkún díẹ̀, kò sẹ́ni tó kí mi kú ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tó yá, mo ń kí ara mi. Màá dúró níwájú fèrèsé, màá ní, "Ẹ kú òtútù o." Màá tún dáhùn pé, "A dúpẹ́ o. Ilé ńkọ́?" Ibi ìbéèrè kejì yẹn ni ìkíni náà ti máa ń bà jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n nílé kí n lè rí ojú wọn. Lọ́jọ́ kan, ojú ìyá mi yọ lórí fóònù, mo sì rò pé gíláàsì fóònù mi ló dọ̀tí. Mo nù ún. Mo tún nù ún.

"Màmá, kí ló ṣe ojú yín?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ó dà bí eérú."

"Fóònù ẹ ni."

"Fóònù mi kọ́. Ẹ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ tàn sí yín."

Wàsíù, àbúrò mi, yọjú lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. "Àǹtí mi, aró ni. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé aláró ni Màmá ni?"

Ẹni tí kò bá gbé ilé aláró rí, kó gbọ́. Ọwọ́ aláró kì í mọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọwọ́ ìyá mi ti rì sínú àwọ̀ aró dé ìgúnpá, mi ò mọ bí èékánná rẹ̀ ṣe rí gan-an. Bó bá nu òógùn, á fi aró kan iwájú orí. Bó bá ń ro nǹkan, á fi kan àgbọ̀n. Nílé ẹlòmíì, bí àwọ̀ ìyá bá ń yí padà, wọ́n á gbé e lọ rí dókítà. Nílé tiwa, wọ́n ní iṣẹ́ ń lọ déédéé.

Ó tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, kò lọ. Wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, kò lọ. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà wọ́n. Àmọ́ àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n fi ìka ha á, wọ́n ní, "Ìyá Wàsíù! Aró wo lo rẹ báyìí?" Òkìkí wá kàn pé Ìyá Wàsíù ti rí aró tí kì í ṣá. Àwọn oníbàárà tí kò yà sí ìsọ̀ rẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Wọ́n á pọ́n ìka lá, wọ́n á fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi, wọ́n á wo ìka náà, wọ́n á rí i pé ó mọ́, wọ́n á wá ra aṣọ.

"Àlùbáríkà ni," ìyá mi wí. "Oògùn dókítà ń lé mi dìde lórí ìjókòó. Omi fàdákà ò lé mi lọ síbì kankan, ó tún ń bá mi tajà."

"Ẹ ò lo oògùn dókítà mọ́ ni?"

"Mo ní kó lọ sinmi díẹ̀."

Àwọ̀ eérú kì í pa èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa èèyàn. Òun ló pa bàbá mi. Orí ẹní ìrun ni a ti bá a, wọ́n sì ní ara rẹ̀ le ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn òbí mi, ẹni yẹn sì ń fi omi fàdákà tọ́jú ara rẹ̀ nítorí pé alága kan ń wá oyè.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa àwọn ìgò yẹn. Kò yẹ kó tíì ṣẹ́kù. Mo pe Wàsíù. Kuto ló ti máa ń wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà mo mú un ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ tí kò rọ́nà sá.

"Níbo lẹ ti ń rí omi fàdákà?"

"À ń ṣe é fúnra wa ni, Àǹtí mi. Bọ̀dá Sànyà kọ́ mi lórí fóònù. Ṣàpọ́n ni mo ti ra bátìrì."

"Fàdákà ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé adìẹ.

"Wàsíù."

"Àǹtí mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì…"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Mò ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn ẹ. Fàdákà wo?"

"Ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn."

"Ẹ̀gbà ọwọ́ wo?"

"Èyí… èyí tó jẹ́ tiyín yẹn."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bó ṣe ń ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ ń tẹ́ sí i. "Màmá ní kò lè tán. A kàn ń rì í bọ omi ni, a sì máa ń nù ún dáadáa tá a bá ṣe tán."

"Kí lo wá rò pé ó wà nínú omi náà, Wàsíù? Àdúrà?"

Yunifásítì ni Wàsíù náà lọ o. Èyí ni mi ò lè gbé mì. Ẹni tí kò kàwé lè ní òun ò mọ̀. Àmọ́ àbúrò mi jókòó, ó ń wo ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń tín-ín-rín lójú ara rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń di eérú, kò sì ronú kan rí pé èyí tó kúrò lára ọ̀kan ló ń wọ ara èkejì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ sùn. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún àìsàn. Ẹni tó gbé e bi mí bóyá aláìsàn náà ń mí. Mo ní ó ń mí, ó tún ń tajà. Ó ní ṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní Abẹ́òkúta ló wà. Ó bi mí bóyá Abẹ́òkúta jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo ní rárá, òótọ́ sì ni, ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀. Ó ní kó wọkọ̀ máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn nígbà náà.

Mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí: ìgò, ẹrù, bátìrì, ẹ̀gbà ọwọ́, oògùn tí ìyá mi pa tì. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa. Akọ̀wé ní ìròyìn ayọ̀ ni pé ọjà ń tà fún ọ̀kan lára àwọn ìyá wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyá mi. Wọ́n tún dábàá pé kí ẹgbẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ alága.

Mo ní, "Ó dáa. Kí alága bu ife kan mu níwájú wa."

"Èmi?" Bọ̀dá Sànyà rẹ́rìn-ín. "Inú mi ò gba nǹkan tútù."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e kaná."

"Mo ti jẹun."

"Fún ikọ́ ni. Mo gbọ́ ọ tẹ́ ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan."

"Ọmọbìnrin yìí, mo máa lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!"

Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá Sànyà mọ̀. Láti ọjọ́ tí òdòdó ti kú ló ti mọ̀. Ẹnì kan wúkọ́, ẹnì kan sì ní kí á fi àdúrà parí ìpàdé.

Dóríìnì nìkan ló gbà mí gbọ́ ní gbogbo ilẹ̀ yẹn. Mo ń ya irun rẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń bá ara rẹ̀ jà, mo sì fi fọ́tò ìyá mi hàn án. Ó gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú pẹ́kípẹ́kí. Ó ní àbúrò bàbá òun kan máa ń kán oògùn fàdákà sí imú nítorí ọ̀fìnkìn, nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Àwọ̀ rẹ̀ rí báyìí gẹ́lẹ́.

Mo ní, "Ìgbà wo ló lọ?"

Ó ní, "Kò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sin ín." Ó dá fóònù padà fún mi. "Ìyá rẹ rẹwà, ṣá."

Nígbà yẹn ni mo gbàgbé ara mi, tí mo tún pè é ní Màmá. Kò fẹjọ́ mi sùn.

Ọjọ́ ọjà ni ìyá mi ṣubú. Ó ń ká aṣọ fún oníbàárà, ó ní òkùnkùn ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, nítorí Wàsíù ló sọ fún mi, ojú rẹ̀ ló ṣe. Nọ́ọ̀sì mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo bí èémí ṣe ń lọ, ó wo ìka ìyá mi, ó ní aró kò ní í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ó fi òwú àti sípíríìtì nù ún. Ó pe nọ́ọ̀sì kejì, òun náà nù ún. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo ètè rẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ aró yìí mà pọ̀ o. Wọ́n lọ bu omi ọṣẹ. Ìyá mi dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ti ru gun orí, wọ́n ń fọ̀ ọ́ bí ìkòkò. Ọ̀kan nínú wọn tún béèrè lọ́wọ́ Wàsíù bóyá àdìrẹ rẹ̀ wà ní ọ̀pá márùn-ún.

Wàsíù ló pariwo. Èyí ni ohun rere kan tó ṣe nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń kà á sí ire fún un. Ó ní, "Ẹ fi aró sílẹ̀! Kì í ṣe aró! Ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni!"

Wọ́n rò pé orí òun náà ti yí. Àmọ́ dókítà gbọ́, ó dé, ó ṣí ìpéǹpéjú ìyá mi, ó ṣí ètè rẹ̀. Èrìgì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Dókítà ní aláró kan kì í fi aró fọ ẹnu. Wọ́n wá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì sáré. Ọlọ́run ṣàánú wa. Apá òsì rẹ̀ wúwo fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà bọ̀ sípò. Àwọ̀ rẹ̀ ni kò padà.

Nígbà tí mo ráyè wálé, mo ti to gbogbo ohun tí mo máa sọ sínú orí mi. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí ní pálọ̀ wa ni kàlẹ́ńdà tí àwòrán Bọ̀dá Sànyà wà lára rẹ̀. Wọ́n ti fi í joyè ní Owódé. Mi ò ní í pe oyè náà níbí, kó má baà dùn mọ́ ọn. Awọ ara rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Àdìrẹ ló sì wọ̀. Mo mọ ọwọ́ tó rẹ aṣọ yẹn.

Ìyá mi ní Ìtòkú ni mo ti máa bá òun. Mo dé ibẹ̀. Mi ò wá a títí. Láàárín gbogbo ojú tó wà lọ́jà, tirẹ̀ nìkan ló rí bí òjò tó ṣú. Oníbàárà kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń yẹ aṣọ wò. Ìyá mi rí mi, ó dìde, ó tún jókòó, nítorí oníbàárà ni oníbàárà.

"Ọmọ mi ló ti òkè òkun dé yìí," ó wí. "O kú ewu, ọmọ mi. Jókòó."

Oníbàárà yíjú sí mi. "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé òótọ́ ni pé aró Màmá kì í ṣá?"

Ìyá mi fojú bá mi sọ̀rọ̀. Mo lóye ohun tó ń wí. Mo sì la ẹnu, mo ní, "Aró wọn ń ṣá díẹ̀díẹ̀ bí aró gbogbo aláró. Èyí tó wà lójú wọn kì í ṣe aró. Fàdákà ni wọ́n mu, tí wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Òun ni kò ní í ṣá láéláé."

Obìnrin náà wò mí. Ó wo ìyá mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu itan. "Ẹ gbọ́ ọmọ aláró! Fàdákà! Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́njà! Màmá, ẹ di márùn-ún fún mi."

Ìyá mi di márùn-ún.

Nílé, mo ní mi ò ní í jẹun àyàfi bó bá lo oògùn dókítà lójú mi. Ó ní òun ti ń lò ó látìgbà tí wọ́n ti dá òun sílẹ̀ lọ́sibítù. Mo ní ojú mi ni mo fẹ́ fi rí i. Ó mú un, ó fi omi lásán gbé e mì, ó la ẹnu fún mi bí ọmọdé kí n lè rí i pé kò sí lábẹ́ ahọ́n. Mo rí èrìgì rẹ̀.

"Ṣé ó ti tó ẹ báyìí?"

Ó wọ yàrá lọ, ó mú gèlè àtijọ́ yẹn wá, ó tú u. Ẹ̀gbà ọwọ́ náà ti di nǹkan bí wáyà tí wọ́n fi ń so ẹnu àpò, ó dúdú, ó rí págunpàgun. Gbogbo ẹjọ́ tí mo tò láti òkè òkun wá dìde nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi kò jẹ́ kí n la ẹnu.

"Mo ní tó o bá dé, wàá bá a nílé. Àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, mà. Àmọ́…"

"Mi ò tà á. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni." Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà gbóná, ó rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. "Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí. Kò dín."

Kò pẹ́ tí ìyá mi gba ọwọ́ mi kúrò lójú, ó fò dìde, ó ká ìró sókè, ó sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé ìtọ̀.

"Ṣé o rí i?" Ohùn rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn àwọn ìkòkò aró bọ̀. "Ṣé o rí nǹkan tí mò ń sọ? Mi ò tíì gbé omi yẹn mì tán! Ìgbà tí wọ́n ń ṣe oògùn yìí, ṣé wọn ò ro ti ẹni tó ń tajà ni? Ta ni mo lè rí bá wí? Ẹ fi orúkọ ẹni tó ṣe é hàn mí!"

Ó ń bá a lọ láti ibẹ̀, ó ń to ẹ̀sùn náà lẹ́sẹẹsẹ, kò fo ọ̀kan, kò pa ọ̀kan jẹ. Mo jókòó sórí ẹní, mo ki ohun tó kù nínú ẹ̀gbà náà bọ ọwọ́, mo ń fetí sí i. Ogún mi ló ń pariwo ní ẹ̀yìnkùlé yẹn. Wọn ò rí ìyẹn mu.